Kámẹ́rà mélòó, irú èwo, fún ilé ìtajà ohun ìkọ́lé ní Ìkòròdú?

Oníṣímẹ́ńtì Ọ̀nà Ṣàgámù:

Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin oníṣòwò Ìkòròdú, ajé á wá. Símẹ́ńtì, irin, páànù àti ọ̀dà ni mo ń tà ní ọ̀nà Ṣàgámù, nítòsí Odógùnyàn. Káńtà wà níwájú, àgbàlá tí ọkọ̀ ti ń kó ẹrù wà láàárín, sítọ̀ọ̀ sì wà lẹ́yìn pátápátá. Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí tí iye àpò símẹ́ńtì tó wà nínú ìwé kì í bá iye tó wà ní sítọ̀ọ̀ mu, n kò sì fẹ́ na ìka sí ọmọ ọlọ́mọ lórí ohun tí ojú mi kò tó. Ìdí nìyí tí mo fi pinnu láti so kámẹ́rà. Oníṣẹ́ méjì ti wá wo ibẹ̀. Èkíní ní òun yóò so mẹ́jọ, owó rẹ̀ sì fúyẹ́. Èkejì ní mẹ́rin ti tó, ṣùgbọ́n owó tirẹ̀ ga ju ti èkíní lọ. Kí ni mo máa fi mọ èyí tó yẹ kí n gbà? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó ti so tirẹ̀ tàbí tó mọ iṣẹ́ náà là mí lóye.

Ẹlẹ́rọ Òwútù:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ kámẹ́rà ni mo ń ṣe jẹun, mo sì máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pè mí pé kí wọ́n má tíì béèrè iye kámẹ́rà. Ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ rìn yí ilé ìtajà yín ká, kí ẹ sì kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ibì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ohun tí ẹ máa fẹ́ kí àwòrán ibẹ̀ sọ fún yín lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀. Ní káńtà, ó lè jẹ́: èló ni oníbàárà yìí kà sílẹ̀, èló sì ni ọmọọṣẹ́ kó sínú dúrọ́ọ̀? Ní àgbàlá: àpò mélòó ló wọ inú ọkọ̀, ta ló sì gbé wọn? Ní géètì: ojú ta nìyí? Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní irú kámẹ́rà tó lè dáhùn rẹ̀. Èyí tí kò bá ní ìbéèrè tó ń dáhùn, ẹ má fi owó yín so ó.

Ìṣirò kan wà níbẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ kì í sábà sọ fún oníbàárà. Píksẹ́lì ni àwọn ẹ̀kán tóótòòtó tó para pọ̀ di àwòrán; MP (mẹ́gápíksẹ́lì) sì ni mílíọ̀nù kan wọn. Àwòrán kámẹ́rà 2MP ní píksẹ́lì 1,920 láti apá òsì dé apá ọ̀tún. Ti 4MP sábà máa ń ní 2,560. Ti 8MP, èyí tí wọ́n ń pè ní 4K, ní 3,840. Ìlànà àgbáyé tó wà fún iṣẹ́ yìí, IEC 62676-4, nínú ẹ̀dà rẹ̀ ti ọdún 2014, sọ pé kí a tó lè dá ojú àjèjì mọ̀ láìsí iyèméjì, ó yẹ kí mítà kọ̀ọ̀kan níbi tí a ń wò gba píksẹ́lì 250. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, 125 tó. Bí a bá kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ènìyàn wà níbẹ̀ ni, 25 tó. Ẹ pín 1,920 sí 250, ẹ ó rí i pé bí ibi tí kámẹ́rà 2MP ń wò bá ti fẹ̀ ju nǹkan bíi mítà méje ààbọ̀ lọ, kò lè fi ojú àjèjì hàn yín dáadáa mọ́. Kámẹ́rà mẹ́jọ tí gbogbo wọn ń wo gbàgede gbalaja lè fi ìrìn gbogbo ẹni tó wọlé hàn yín láìfi ojú ẹyọ kan hàn.

Ẹ wo lẹ́ńsì náà, ìyẹn gíláàsì ojú kámẹ́rà. Ní mítà 10 síbi tí wọ́n so kámẹ́rà mọ́, lẹ́ńsì 2.8 mm yóò kó ibi tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 25. Lẹ́ńsì 6 mm kì í ju nǹkan bíi mítà 10 lọ. Èyí tó fẹ̀ dára nínú ilé, níbi tí ohun gbogbo ti súnmọ́ra. Géètì nílò èyí tó há, tàbí èyí tí a lè fi ọwọ́ fà síwájú sẹ́yìn títí ibi tí a fẹ́ yóò fi kún ojú àwòrán. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń kó 2.8 mm wá fún gbogbo ibi, nítorí pé ó máa ń wu oníbàárà lójú nígbà tó bá kọ́kọ́ wò ó lórí fóònù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì tó wá sọ́dọ̀ yín: ṣé ìwọ̀n lẹ́ńsì kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé owó tí wọ́n fún yín? Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kò tíì lè fi owó èkíní wé ti èkejì.

Ìyá Ẹlẹ́ja Dídì Sábó:

Ẹ̀yin àbúrò mi, mo kí yín. Ẹja àti adìẹ dídì ni mo ń tà ní Sábó, ó sì ti pẹ́ tí kámẹ́rà ti wà ní ilé ìtajà mi. Ọ̀rọ̀ ìbéèrè tí ẹlẹ́rọ sọ yẹn, mo fara mọ́ ọn gidigidi. Ní káńtà, ẹ jẹ́ kí wọ́n so ó sókè dúrọ́ọ̀ owó, kó yọ síwájú díẹ̀, kí ẹ lè máa rí ọwọ́ àti àwọ̀ náírà. Èyí tí wọ́n bá so sí igun òrùlé lẹ́yìn ọmọọṣẹ́, ìpàkọ́ rẹ̀ ni yóò máa fi hàn yín látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ títí ẹ ó fi rí i fúnra yín. Lálẹ́, kòkòrò máa ń rábàbà yí kámẹ́rà àti iná ìnfúrárẹ́ẹ̀dì tó fi ń ríran nínú òkùnkùn ká, kòkòrò a sì máa fa aláǹtakùn wá. Bí aláǹtakùn bá ti ta òwú sí ojú kámẹ́rà, okùn tín-ín-rín yẹn yóò máa funfun báláú lójú àwòrán, afẹ́fẹ́ díẹ̀ yóò máa mì í, fóònù yín yóò sì máa dún ní gbogbo òru pé ènìyàn wọlé. Nígbà tó bá yá, ẹ ó pa ariwo fóònù náà, ọjọ́ tí olè bá wá gan-an, kò ní dún. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí wọ́n so mọ́ orí igi gígùn ni mo fi ń jẹ́ kí wọ́n nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bákan náà, bí ògiri funfun tàbí etí páànù bá súnmọ́ kámẹ́rà jù, iná rẹ̀ yóò ta padà sí i lójú, ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán yóò sì dúdú. Ojú ọ̀sán kọ́ ni kí ẹ fi mọ kámẹ́rà tó dára.

Ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ má ṣe gbé e sábẹ́ káńtà rárá. Olè tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò wá a lọ, yóò sì gbé e pẹ̀lú gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí. Inú àpótí onírin tó ní kọ́kọ́rọ́, ní yàrá tí àwọn ọmọọṣẹ́ kì í wọ̀, tí afẹ́fẹ́ sì ń wọlé sí, ni kó wà, nítorí pé ooru máa ń tètè ba dísìkì inú rẹ̀, èyí tó ń tọ́jú àwòrán, jẹ́.

Èyí tó ká mi lára jù nìyí: kámẹ́rà kì í bá ènìyàn ka ọjà. Bí ó bá jẹ́ ìparí oṣù ni ẹ máa ń ka símẹ́ńtì, tí dísìkì yín sì ń pa àwòrán tó ti pé ọjọ́ mẹ́wàá rẹ́, ọjọ́ tí ẹ bá mọ̀ pé àpò 15 ti dín, àwòrán ọjọ́ náà ti lè lọ. Ẹ máa ka ọjà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì máa kọ aago tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kó ẹrù sórí ìwé ẹrù rẹ̀. Aago yẹn ni ẹ ó fi wá àwòrán rẹ̀ láìjókòó wo ọjọ́ méje láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Oníṣímẹ́ńtì Ọ̀nà Ṣàgámù:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Màmá. Ọlọ́run á máa bù sí ajé yín. Mo ti fi téèpù wọn ilẹ̀: géètì fẹ̀ tó mítà 5, àgbàlá fẹ̀ tó mítà 20, ẹnu ọ̀nà sítọ̀ọ̀ sì jẹ́ mítà 3. Ìparí oṣù ni mo máa ń ka ọjà lóòótọ́. Ó ku ọ̀rọ̀ iná, nítorí pé iná ọ̀dọ̀ wa kì í dúró, n kò sì lè máa tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú nítorí kámẹ́rà.

Ẹlẹ́rọ Òwútù:

Ìwọ̀n tí ẹ wọ̀n yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́ náà. Ní géètì, 2MP yóò fún yín ní píksẹ́lì 384 fún mítà kan bí lẹ́ńsì bá mú géètì nìkan, ìyẹn ju ohun tí ojú àjèjì nílò lọ. Ẹnu ọ̀nà sítọ̀ọ̀ àti káńtà kò ní wàhálà. 2MP tó wọn. Àgbàlá ni ọ̀rọ̀ wà. 2MP kò ní fún yín ju 96 lọ níbẹ̀, kò tó láti dá ẹni tí ẹ mọ̀ pàápàá mọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n 4MP yóò fún yín ní 128. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé ìbéèrè yín ní àgbàlá ni ẹni tó gbé ẹrù nínú àwọn ọmọọṣẹ́ yín àti iye àpò tó gbé, 128 tó. Bí ẹ bá ń fẹ́ nọ́ńbà ọkọ̀ lálẹ́, kámẹ́rà ọ̀tọ̀ ni yóò máa ṣe ìyẹn, nítorí iná iwájú ọkọ̀ máa ń fọ́ èyí tó ń wo ojú ènìyàn lójú. Ẹ so tiẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kó máa wo ẹ̀yìn ọkọ̀ bó ṣe ń jáde. Nípa bẹ́ẹ̀, mẹ́rin tàbí márùn-ún ni tiyín. Oníṣẹ́ kejì yẹn súnmọ́ òtítọ́ ju èkíní lọ.

Ní ti dísìkì, kámẹ́rà tó bá ń gba àwòrán sílẹ̀ ní 4 Mbps (mẹ́gábíìtì mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan) yóò jẹ 1.8 GB ní wákàtí kan, ìyẹn nǹkan bíi 43 GB lójúmọ́. Márùn-ún yóò jẹ 216 GB. Dísìkì 2TB (TB kan jẹ́ 1,000 GB) yóò kún ní bíi ọjọ́ 9, ti 4TB ní bíi ọjọ́ 18. Bí ẹ̀rọ náà àti kámẹ́rà rẹ̀ bá lè lo H.265, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún àwòrán pọ̀ kó má gba àyè púpọ̀, tí wọ́n sì tan án, ohun tó ń jẹ lè wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì, 4TB yóò sì gbé yín kọjá oṣù kan. Ẹ jẹ́ kí dísìkì náà jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà, bíi WD Purple tàbí Seagate SkyHawk, nítorí pé èyí tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà inú ilé kò wà fún kíkọ tọ̀sán tòru láìsinmi.

Wọn yóò bi yín bóyá DVR tàbí NVR ni ẹ fẹ́, ìyẹn irú méjì tí ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sílẹ̀ pín sí. DVR ń lo wáyà bíi ti tẹlifíṣọ̀n. NVR ń lo wáyà nẹ́tíwọọ̀kì, iná àti àwòrán sì lè gba inú wáyà kan ṣoṣo náà, bí gígùn rẹ̀ kò bá ti kọjá mítà 100. Fún ilé ìtajà kan ṣoṣo tó tó bí tiyín, DVR dára, owó rẹ̀ kéré, ẹni tó lè tún un ṣe sì pọ̀ káàkiri Ìkòròdú. Bí ẹ bá ní i lọ́kàn láti ṣí ilé ìtajà kejì tàbí láti fi kámẹ́rà kún un lọ́jọ́ iwájú, NVR ni kí ẹ lọ.

Níbi wáyà ni ẹ ti gbọ́dọ̀ la ojú yín, níbi yòówù tí wọ́n ti rà á, ì báà jẹ́ Alábà, ì báà jẹ́ Computer Village. Ẹ gé díẹ̀ lórí rẹ̀, kí ẹ bó awọ rẹ̀, kí ẹ fi ojú abẹ ha okùn inú rẹ̀. Bàbà gidi yóò pupa títí dé inú. Bí ẹ bá ha á tó sì funfun bíi fàdákà lábẹ́, alumíníọ̀mù ni, bàbà tí wọ́n fi bo ara rẹ̀ ni ẹ kọ́kọ́ rí. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ń lo fóòltì 12, wáyà burúkú tó gùn sì máa ń jẹ fóòltì yẹn lọ́nà. Lọ́sàn-án, ẹ kò ní mọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tí iná ìnfúrárẹ́ẹ̀dì bá tàn, kámẹ́rà nílò agbára sí i, kò ní rí i, yóò kú, yóò jí, yóò tún kú. Inú òru tí ẹ nílò rẹ̀ jù ni yóò máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Oníbátìrì Ágíríìkì:

Ẹ kú àfojúsùn rere, Ọ̀gá. Kámẹ́rà márùn-ún, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń jẹ wáàtì 6 lálẹ́, 30 nìyẹn. Ẹ fi nǹkan bíi 20 kún un fún DVR àti dísìkì rẹ̀, àti 10 fún ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wáàtì 60. Bátìrì 12V tó jẹ́ 100Ah ní 1,200 Wh (wáàtì-wákàtí) nínú, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ bátìrì olómi tàbí tiubúlà, ẹ má ṣe lò ju ìdajì rẹ̀ lọ bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Bí a bá yọ ohun tí íńfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ, yóò gbé kámẹ́rà fún wákàtí mẹ́jọ tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lítíọ̀mù tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ bákan náà lè gbé e tó wákàtí 13, nítorí pé ó ṣeé lò tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Owó rẹ̀ ga, àmọ́ láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ títí di àárọ̀ ni ẹ ń ṣọ́.

Ohun tí mo bẹ̀ yín fún ni pé kí bátìrì kámẹ́rà dá dúró. Ẹ má ṣe so fáànù, ẹ má ṣe so fíríìjì mọ́ ọn. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì yóò tan fáànù lóru, kò sì sí ẹni tó máa dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n kámẹ́rà yóò kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ohun tó ń dènà àrá àti iná àṣejù sí i, kí wọ́n sì ri irin ilẹ̀ rẹ̀ dáadáa kí ìgbà òjò tó wọlé. Wáyà tó gùn lókè páànù máa ń gbé agbára àrá wọ inú DVR.

Ọmọ Ẹ̀bútè:

Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí a kò fi ra kámẹ́rà onísólà tó ń lo síìmù? Kò nílò wáyà, kò nílò íńfátà.

Ẹlẹ́rọ Òwútù:

Ó dára lórí ilẹ̀ tí ẹ kò tíì kọ́, tàbí níbi tí iná kò dé rárá, bí àwọn oko apá Ìmọ́tà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń sùn kí bátìrì má bàa tán; ìgbà tí nǹkan bá rìn níwájú wọn ni wọ́n ń jí, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sì ti lè kọjá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí gba àwòrán. Níbi tí wọ́n ti ń ka àpò, àpò kan ti lè kọjá nínú ìyẹn. Káàdì tó ń gba àwòrán sílẹ̀ tún wà nínú kámẹ́rà fúnra rẹ̀, ẹni tó bá yọ ọ́ lára ògiri ti kó ẹ̀rí lọ. Dátà ńkọ́? Bí ẹ bá ń wò ó ní 1 Mbps, 450 MB ni yóò jẹ ní wákàtí kan.

Agbẹjọ́rò Ìgbógbó:

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kàn mí. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́, àwòrán nìkan kò tó. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 béèrè pé kí a fi hàn pé ẹ̀rọ tó gbé ẹ̀rí náà jáde ń ṣiṣẹ́ dáadáa, pé a sì ń lò ó déédéé. Ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà fọwọ́ sí máa ń bá a lọ. Nítorí náà, ẹ yan ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ rí i pé aago orí DVR bá ti Nàìjíríà mu, nítorí pé bí aago àwòrán bá yàtọ̀ sí ti rìsíìtì, agbẹjọ́rò ẹ̀gbẹ́ kejì yóò rí ibi dì mú. Bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ tètè da àwòrán náà sórí fláàṣì méjì, kí ẹ tọ́jú ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án.

Ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kan àwòrán tí a fi lè dá ènìyàn mọ̀. Ẹ lẹ ìwé mọ́ géètì àti káńtà pé kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ẹ pe àwọn ọmọọṣẹ́ jọ kí ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, kí ẹ má sì so ó sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ọmọọṣẹ́ tó jẹ́ olóòótọ́ yóò dúpẹ́, nítorí pé kámẹ́rà kan náà ni yóò wẹ̀ ẹ́ mọ́ nígbà tí wọ́n bá fura sí i láìtọ́.

Akọ́ni ní Kọ̀ǹpútà, Ìtàmágà:

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ aṣínà (password) tó bá ẹ̀rọ náà wá láti ilé iṣẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìyí i padà o. Ní ọdún 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Mirai fi irú ọ̀rọ̀ aṣínà bẹ́ẹ̀ wọ inú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àti DVR káàkiri ayé, ó kó wọn jọ lu ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan, Twitter àti Netflix kò sì ṣeé wọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn fún wákàtí mélòó kan. Níwájú yín ni kí oníṣẹ́ ti yí i padà, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ tẹ èyí tuntun, kí ẹ kọ ọ́ pa mọ́ sílé. Ẹ jẹ́ kí fóònù oníṣẹ́ náà kúrò lára àwọn fóònù tó lè wo ilé ìtajà yín lọ́jọ́ tó bá parí iṣẹ́. Kì í ṣe pé ẹ fura sí i. Ilé ìtajà yín ni.

Oníṣímẹ́ńtì Ọ̀nà Ṣàgámù:

Inú mi dùn, ọ̀rọ̀ náà sì ti yé mi. Mo ti kọ àwọn ìbéèrè náà sílẹ̀ níbì kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún ni mo máa so: 4MP kan ní àgbàlá, 2MP ní káńtà, ẹnu sítọ̀ọ̀ àti géètì, ọ̀kan fún nọ́ńbà ọkọ̀, DVR tó ní H.265, dísìkì 4TB, bátìrì lítíọ̀mù tó dá dúró. Láti ọ̀sẹ̀ yìí ni a ó sì ti máa ka símẹ́ńtì ní ọjọ́ Sátidé. Oníṣẹ́ kejì ti gbà láti tún ìwé owó kọ bẹ́ẹ̀. Báwo ni kí n ṣe san owó rẹ̀?

Ẹlẹ́rọ Òwútù:

Ẹ san owó ọjà lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí ọjà tí ẹ sì ti ha wáyà rẹ̀ wò, kí ẹ di owó iṣẹ́ mú títí di alẹ́ ọjọ́ tó bá ní òun parí. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni kó wá bá yín. Ẹ pa iná àgbàlá, kí ẹ ní kí ọmọọṣẹ́ kan gbé àpò símẹ́ńtì láti sítọ̀ọ̀ lọ sínú ọkọ̀, kí ẹnì kan tí ẹ̀yin nìkan mọ̀ sì gba géètì wọlé. Ẹ fi àwòrán rẹ̀ han oníṣẹ́ náà lẹ́yìn náà, kó fi ojú ara rẹ̀ sọ ẹni tó gbé àpò, kó sì ṣàpèjúwe ojú ẹni tó gba géètì. Ẹ ní kó da ìṣẹ́jú márùn-ún nínú rẹ̀ sórí fláàṣì, kí ẹ rí i pé ó ṣí lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ sì kọ́ bí ó ṣe ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ iná kúrò lára ògiri pátápátá, kí ẹ fi bátìrì nìkan sílẹ̀ mọ́jú. Bí ẹ bá dé ní aago mẹ́fà àárọ̀, tí DVR ṣì ń ṣiṣẹ́, tí àwòrán gbogbo òru náà sì wà níbẹ̀ láìfò ìṣẹ́jú kan, ẹ fún un ní owó rẹ̀ tó kù.